ÀJÀYÍ WÀ NÍNÚ ỌKỌ̀ NÁÀ



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń gbé tọ̀ mí wá lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ lè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbòǹgbò rẹ̀: "Pásítọ̀, ǹjẹ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí tilẹ̀ kan ìjọba Ọlọ́run rárá?" Ọlọ́pàá a béèrè rẹ̀. Aṣọ́bodè a béèrè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru, tí kò rí àyè wá sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, yóò béèrè rẹ̀ pẹ̀lú omijé.

Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan wá bá mi nítorí ọmọkùnrin wọn tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, èyí tí a ń pè ní nééfì. Ìyá ọmọ náà sunkún títí. Ó ní, "Dádì, ẹ gbà mí. Ọmọ tí mo fi ààwẹ̀ àti àdúrà bí! Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ń retí pé yóò dà, ó wá ní ìbọn lòun ń lọ gbé lórí òkun." Bàbá ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó bi mí kò ju èyí lọ: "Pásítọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ṣé ènìyàn lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, kí ó di ọ̀gá níbẹ̀, kí ó sì wúlò fún Ọlọ́run?"

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ń fi ẹnu lásán dáhùn, nítorí ẹ̀mí ọmọ ni a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ní kí wọ́n jókòó dáadáa, mo sì sọ ìtàn ọ̀gágun ojú omi kan fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo rò ó pé ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó ń ka ìwé wa yìí gbọ́ ìtàn náà pẹ̀lú.

TA NI HENRY LEEKE?

Orúkọ ọ̀gágun náà ni Henry John Leeke. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọdún 1803 ni ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ọmọdékùnrin sì ni nígbà náà. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn: wọn a mú ọmọ wọ inú ọkọ̀ kí irùngbọ̀n tó hù ní àgbọ̀n rẹ̀, kí ó lè mọ okùn àti ìgbòkun, kí ó mọ afẹ́fẹ́ àti ìràwọ̀. Ogun ńlá wà láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé nígbà náà, inú ogun yẹn ni ọmọ náà gbé dàgbà. Ní 1810 wọ́n gbé e ga sí ipò ọ̀gágun kékeré, ní 1814 wọ́n tún sọ ọ́ di kọ́máńdà.

Lẹ́yìn tí ogun parí, wọ́n fi ọkọ̀ ogun kan tí ń jẹ́ Myrmidon sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì rán an wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sí apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín.

Kí ni ó wá ṣe? Ní 1807 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Láti 1808 ni wọ́n sì ti ń rán ọkọ̀ ogun wá láti máa lé àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú, kí wọ́n mú wọn, kí wọ́n sì dá àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Iṣẹ́ náà kò dùn. Oòrùn mú, òjò pọ̀, ibà sì ń pa wọ́n bí ẹni ń gé koríko. Láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi ṣe é, àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ ẹrú bí 1,600 ni wọ́n mú, àwọn ènìyàn bí 150,000 ni wọ́n sì gbà sílẹ̀. Àwọn atukọ̀ wọn tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ náà tó bí 1,600, àìsàn ló sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

ỌMỌKÙNRIN ÒṢOGÙN

Ní àkókò kan náà, ọmọkùnrin Yorùbá kan wà ní ìlú Òṣogùn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjàyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ ìlú wọn. Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n ń múra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta. Wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlà àti àwọn àbúrò rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ra ní ọrùn bí ẹran. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tí ó ni ẹṣin ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà bí ẹni dá aṣọ tí kò bá a mu padà lọ́jà. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún òyìnbó bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọlọ́run kò gbà fún un. Níkẹyìn ó dé Èkó, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Esperança Felix. Àwọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ jẹ́ 187. Ọ̀kan ni Àjàyí nínú wọn. Kò lórúkọ lójú ẹni tí ó rà á, iye lásán ni.

ỌJỌ́ IṢẸ́ BÍ ỌJỌ́ IṢẸ́ YÒÓKÙ

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì ká ọkọ̀ ẹrú náà mọ́. Myrmidon tí Leeke ń darí ni ọ̀kan, Iphigenia tí Sir Robert Mends ń darí sì ni èkejì. Wọ́n mú un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹrú jí, wọ́n sì rí i pé àwọn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó mìíràn, tí idà gígùn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù tún bà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ sínú Myrmidon. Nígbà tí wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ àti òkìtì ọta àgbá dúdú bìrìbìrì, wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti orí wọn ni. Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Crowther fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Ó tún sọ pé kò pẹ́ rárá tí ọkàn àwọn fi balẹ̀, tí àwọn atukọ̀ sì wá aṣọ fún àwọn.

Ṣùgbọ́n kí ni ọjọ́ yẹn jẹ́ lójú Leeke? Ọjọ́ iṣẹ́ ni, bí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù. Kò gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Wòlíì kan kò sọ fún un pé bíṣọ́ọ̀bù wà nínú ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ yìí. Ohun tí ó rí ni ọkọ̀ tí ó rú òfin. Ó ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní, "Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ jẹ́ kí èyí máa lọ, a ó mú òmíràn lọ́la," ta ni ìbá mọ̀? Kò sí ẹni tí ìbá fi ẹ̀sùn kàn án. Àjàyí ìbá kàn kọjá sí òdìkejì òkun ni, a kì bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Bíbélì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì di Samuel Crowther.

OLÚKÚLÙKÙ GBA Ọ̀NÀ TIRẸ̀ LỌ

Leeke ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 1826 ó di ọ̀gá ọkọ̀ ní kíkún. Ní 1835 ọba fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ní 1852 wọ́n fi gbogbo ọmọ-ogun ojú omi Íńdíà sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní 1854 ó di ọ̀kan nínú àwọn ádímírà, àwọn ọ̀gágun àgbà ojú omi. Ní 1856 òun ni ó ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun tí ó gba ìlú Bushehr nínú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ará Páṣíà jà. Láti 1859 títí di 1865 ó jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ń ṣojú ìlú Dover. Bí ẹ bá ka ìwé ìgbésí ayé àwọn ológun, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹ ó rí lábẹ́ orúkọ rẹ̀: oyè, ogun àti ipò.

Crowther náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ní 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1843 wọ́n fi àmì òróró yàn án sínú iṣẹ́ àlùfáà. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, Ọlọ́run dá ìyá rẹ̀ Àfàlà padà fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé nìkan ni ó jáde. Nígbà tó yá, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hánà, ìyá Samuel! Crowther ni ó sì ṣáájú nínú títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. Òun pẹ̀lú àwọn mìíràn ṣe é títí gbogbo Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìyá mi àgbà kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Bíbélì Yorùbá ni ó ń fi ìka tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní ìdájí, pẹ̀lú àtùpà, tí àwa ọmọ sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ẹní. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Jésù, kí n tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì rárá. Bí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún Bíbélì yẹn, mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan lórí òkun Èkó ní 1822 pẹ̀lú.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N TÚN PÀDÉ

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní ilé ìsìn ńlá ti Canterbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ọwọ́ lé Samuel Àjàyí Crowther, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láàárín èrò náà, ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, aya olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù Weeks, ẹni tí ó kọ́ Àjàyí ní lẹ́tà nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Sàró. Ọkùnrin arúgbó kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ádímírà Sir Henry Leeke ni.

Ọdún 1864 yẹn kan náà ni Leeke dé ipò ádímírà ní kíkún, ibi tí ó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ó jókòó níbẹ̀, tí ó ń wo ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé jáde láti inú ọkọ̀ ẹrú, tí ọmọ náà kúnlẹ̀ nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, èwo ni ẹ rò pé yóò dùn mọ́ ọn jù nínú ohun gbogbo tí ó ṣe láyé? Ṣé Bushehr ni? Ṣé ilé ìgbìmọ̀ ni? Ọdún méjìlélógójì ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gbìn ín àti ọjọ́ tí ó rí èso rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Oníwàásù 11:1 nípa oúnjẹ tí a sọ sójú omi ṣẹ sí ọkùnrin yìí lára gan-an. Ojú omi ni ó ti gbìn ín, ó sì rí i lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀.

Ó kú ní ọdún 1870. Lónìí, àwọn tí ó rántí ogun Bushehr kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi gbogbo, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ Yorùbá ń ṣí Bíbélì ní èdè abínibí wọn. Halleluyah!

ẸNI TÍ ỌLỌ́RUN LÒ KÌ Í ṢE ÁŃGẸ́LÌ

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ènìyàn di òrìṣà o. Orílẹ̀-èdè Leeke yìí kan náà ti jẹ èrè òwò ẹrú fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fi òfin dè é. Ìjọba wọn sì ń san owó fún àwọn ọmọ-ogun lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, nítorí náà owó wà nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, kí wọ́n tó wá gba ìlú náà pátápátá ní 1861. Gbogbo rẹ̀ ni a mọ̀.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ọwọ́ tí ó fa ọmọ jáde nínú kànga kò mọ́ tán, ṣé kí a ní kí ọmọ padà sínú kànga? Ọlọ́run lo Kírúsì ọba Páṣíà. Ó lo Juliu balógun ọ̀rún nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27. Ẹ padà lọ ka orí náà. Ọkọ̀ ń fọ́, àwọn ọmọ-ogun sì fẹ́ pa gbogbo àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Juliu ni ó dá wọn dúró, nítorí ó fẹ́ gba Pọ́ọ̀lù là. Bíbélì kò sọ fún wa pé Juliu di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀gágun kan lo àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, Pọ́ọ̀lù dé Róòmù, ó sì wàásù níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Bí Ọlọ́run bá lè lo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n báyìí, mélòó mélòó ni yóò lo ọmọ Rẹ̀ tí ó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, tí ó sì mọ ìdí tí òun fi wà níbi iṣẹ́!

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ WA

Èkínní, iṣẹ́ tí ó mọ́ kì í ṣe ọ̀tá ìjọba Ọlọ́run. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní ohun tí wọn yóò ṣe (Lúùkù 3:14), kò ní kí wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi agbára gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má parọ́ mọ́ ènìyàn, kí owó oṣù wọn sì tó wọn. Ẹ jẹ́ kí á tún un kà, nítorí ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Orílẹ̀-èdè wa ti ní ọmọ-ogun ojú omi tirẹ̀ láti 1956, ní 1964 sì ni Joseph Edet Akinwale Wey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí wọn. Àwọn ajalèlókun àti àwọn tí ń jí epo rọ̀bì ni wọ́n ń bá fà á lónìí. Ọmọ tí ó bá wọ iṣẹ́ yìí, òru kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò na àpò owó sí i, tí yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà wo ọ̀tún kí ọkọ̀ mi gba òsì kọjá." Òru yẹn ni a ó mọ̀ bóyá a kọ́ ọ nílé.

Èkejì, a kì í mọ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. Olùkọ́ kò mọ ẹni tí ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì kò mọ ọmọ tí òun gbẹ̀bí rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Nítorí náà, ẹ má ṣe yan ọjọ́ tí ẹ ó ṣe iṣẹ́ dáadáa. Ẹ sì rántí pé 187 ni wọ́n nínú ọkọ̀ yẹn. Bí Àjàyí kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò di ohunkóhun, ó ṣì tọ́ kí a gbà wọ́n, nítorí àwòrán Ọlọ́run ni gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ wa ni kò ní rí èso iṣẹ́ wa láyé yìí. Leeke rí tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì. Bóyá ní ọ̀run ni ìwọ yóò rí tìrẹ. Má ṣe torí rẹ̀ dẹ́kun. Ẹni tí ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kì í gbàgbé.

Mo sọ gbogbo èyí fún tọkọtaya náà. N kò sọ fún ìyá náà pé kí ó má bẹ̀rù mọ́, nítorí ewu wà lórí òkun lóòótọ́, èmi náà sì bímọ. Ohun tí mo sọ fún un ni pé àdúrà tí ó ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, pé kí ọmọ òun di ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kò tíì já sófo. Kí ó máa gbà á lọ. Kí ó kàn fi èyí kún un: "Olúwa, ní òru tí wọn yóò bá na owó sí i, jẹ́ kí ó rántí Rẹ." Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Àmín, Dádì." Bàbá ọmọ náà sì ní kí a kúnlẹ̀. A gbàdúrà pọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní pẹpẹ ìdílé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí bàbá tàbí ìyá bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé pé: "Àṣẹ wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kí ó kéré mọ? Ta ni ó lè rí ìgbàlà nítorí bí o ṣe lò ó?" Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà dáhùn.

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún àwọn tí O lò kí a tó bí wa, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí a kò mọ̀. Bùkún gbogbo ọmọ Rẹ tí ó wọ aṣọ ìjọba, lórí ilẹ̀, lórí omi àti lójú òfuurufú. Pa wọ́n mọ́ kúrò nínú ewu, pa ọwọ́ wọn mọ́ kúrò nínú àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ràn wá lọ́wọ́ kí a ṣe iṣẹ́ òní bí ẹni pé Ìwọ ni a ń ṣe é fún. Ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú ìdè lónìí, tí ó ń retí ẹni tí yóò já a, rán ẹnìkan sí i, Olúwa. Bí ó bá sì jẹ́ àwa ni ìwọ yóò rán, má ṣe jẹ́ kí a kọjá lọ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.